Ta ni Beverly Jenkins tó kọ ìwé ìfẹ́ nípa obìnrin ọlọ́wọ́ aró? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o

Àṣàkẹ́ Ìtòkú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè mi gùn díẹ̀, ẹ fara dà á fún mi.

Ìtòkú ni mo wà, mò ń bá àǹtí mi ta àdìrẹ. Tí ọjà bá ti dá, fóònù ni mò ń tẹ̀, ìtàn ìfẹ́ ni mò ń kọ sínú rẹ̀. Mo máa ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp díẹ̀díẹ̀, àwọn ọ̀rẹ́ mi á sì máa bú mi pé kí ló dé tí mo dá a dúró níbi tó ti dùn. Èyí tí mò ń kọ lọ́wọ́, ayé àtijọ́ ló ti ṣẹlẹ̀, ní Abẹ́òkúta níbí ní 1859, lásìkò tí àwọn Sàró, àwọn ọmọ wa tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ń dé láti Freetown. Ọmọbìnrin aláró kan ni, àti ọkùnrin Sàró kan tó ń bá àwọn míṣọ́nnárì tẹ Ìwé Ìròyìn.

Ohun tó gbé mi wá síbí rèé. Mo rí ìwé kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń pàtẹ àlòkù ìwé ní Kútọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya, ẹnì kan sì ti fi báírò ṣírò owó àjọ sójú ewé àkọ́kọ́. Indigo ni àkọlé rẹ̀, Beverly Jenkins ló kọ ọ́. Torí àkọlé yẹn ni mo ṣe rà á, aró ni à ń jẹ nílé wa. Obìnrin inú rẹ̀, Hester Wyatt, ti jẹ́ ẹrú nígbà tó wà lọ́mọdé. Oko tí wọ́n ti ń ṣe aró ni wọ́n ti lò ó, aró yẹn sì wọ ọwọ́ rẹ̀ débi pé kò ṣí mọ́ títí tó fi dàgbà. Ó ti gba òmìnira báyìí, Michigan ló ń gbé, ó ń fi àwọn tó sá lóko ẹrú pamọ́ sínú ilé rẹ̀. Ni wọ́n bá gbé ọkùnrin kan tó fara gbọgbẹ́ wá fún un. Mi ò ní sọ èyí tó kù. Ìyá ìyá mi jókòó tì mí nígbà tí mò ń kà á, ó ń ṣa ẹ̀fọ́, èékánná rẹ̀ ṣì dúdú títí dòní látàrí iṣẹ́ aró. Mo túmọ̀ ibẹ̀ fún màmá. Wọ́n ní, "Ṣé Òyìnbó ló kọ ọ́ ni?" Mo ní rárá, èèyàn dúdú ni. Wọ́n ní, "Mo ti mọ̀."

Bàbá mi ní tiwọn ní ìwé ìfẹ́ kì í ṣe ìwé, iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Ọ̀gá kan tó ń tẹ ìwé, tí mo gbé orí méjì lọ fún, ní kí n gbé gbogbo ẹ̀ lọ sí Lekki, kí ọkùnrin náà di olówó tó ń gun jíìpù, pé ta ló fẹ́ ka ìtàn ayé Madam Tinúbú.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni obìnrin yìí? Báwo ló ṣe rí ẹni bá a tẹ̀ ẹ́? Ṣé ìwé kíkọ nìkan ló fi ń jẹun? Àti pé ṣé kí n fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀, kí n gbájú mọ́ ọn?

Ọmọ Lísàbi

Àbúrò, inú mi dùn pé o ń kàwé, àwọn ẹgbẹ́ ẹ ò kà á mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàbá ẹ ò burú tó bí o ṣe gbé e. Ìwé ìfẹ́ tí mo mọ̀ nígbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdírì, àwọn ọmọbìnrin kíláàsì wa ló máa ń fi sábẹ́ ìwé Bàólójì: dókítà Òyìnbó kan tó ga, nọ́ọ̀sì kan tó ń sunkún. Kí la rí kọ́ níbẹ̀?

Èyí tó o sọ yìí tún wá rú mi lójú jù. Ta ló ráyè ìfẹ́ lóko ẹrú? Ẹni tí wọ́n nà ní pàṣán láàárọ̀, ṣé olólùfẹ́ ló máa wá kiri lálẹ́? Lójú tèmi, òǹkọ̀wé yẹn ń fi ìyà àwọn èèyàn wa ṣeré ni. Mi ò fi bú ẹnikẹ́ni o.

Títí Oǹkàwé

Bọ̀dá Ọmọ Lísàbi ti dé pẹ̀lú wàhálà wọn.

Àṣàkẹ́, nípa ti ṣọ́ọ̀bù nìkan ni mo fẹ́ dá sí. Wo Brenda Jackson, òun náà jẹ́ obìnrin dúdú tó ń kọ ìwé ìfẹ́ ní Amẹ́ríkà, ọmọ Jacksonville ní Florida. Ọdún 37 ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò State Farm. 1995 ni ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, kò sì tìtorí ẹ̀ fiṣẹ́ sílẹ̀, ó ń kọ, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ìwé tó ti kọ báyìí ti ju 100 lọ. Ọkùnrin tó ń fẹ́ láti ìgbà tó wà lọ́mọ ilé-ìwé náà ló wá fi ṣe ọkọ, ìyẹn gan-an ìwé ìfẹ́ ni.

Àwọn ìyá wa tó mọ Jenkins dáadáa á bá ẹ sọ tòun. Àwọn ìwé Blessings rẹ̀ tó tẹ̀ léra wọn nìkan ni mo ti kà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ń yan àlè kọ ọkùnrin náà sílẹ̀, ilé ẹjọ́ gba mílíọ̀nù 275 dọ́là fún un, ó sì lọ fi lára rẹ̀ ra odidi ìlú tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì! Ìlú kékeré tí àwọn dúdú tẹ̀dó ní Kansas láyé àtijọ́, gbèsè ti fẹ́ pa á. Mo rẹ́rìn-ín títí, mo wá gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún mi ní irú ilé ẹjọ́ yẹn.

Ìyá Láíbìrì

Àṣàkẹ́ ọmọ mi, o káre. Kí màmá àgbà náà pẹ́ fún wa.

Iṣẹ́ láíbìrì ni mo ṣe nínú ìlú yìí títí mo fi fẹ̀yìntì. Ìwé Jenkins tó wà lórí pẹpẹ mi l'Ádìgbẹ̀ ju ìwé àdúrà lọ, kí pásítọ̀ wa má gbọ́. Nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n.

Òṣìṣẹ́ láíbìrì bíi tèmi ni. Detroit ni wọ́n bí i sí ní 1951, òun sì ni àkọ́bí nínú ọmọ méje. Ó lọ sí Yunifásítì Michigan State, ó ṣiṣẹ́ nínú láíbìrì wọn níbẹ̀, nígbà tó yá ó bọ́ sí láíbìrì ilé-iṣẹ́ apoògùn tó ń jẹ́ Parke-Davis. Lọ́sàn-án, ìwé oògùn ló ń wá fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Tó bá délé, á máa kọ ìtàn olùkọ́bìnrin kan àti sójà ẹlẹ́ṣin kan. Kò kọ ọ́ fún títà. Irú ìwé tó wù ú kà kò sí lórí àtẹ ni, ló bá kọ ọ́ fún ara rẹ̀, ó jù ú sílé. Ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, tí ìyẹn náà ń kọ ìwé ìfẹ́, ló kà á tó sì ta kú pé àfi kó wá ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Àwọn ilé-iṣẹ́ ìwé wá ń dá a padà. Wọ́n gbà pé ó mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n lójú wọn, bí èèyàn dúdú bá ti wọ inú ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ọdún 1900, ẹrú ló gbọ́dọ̀ jẹ́, kò tún sí ohun mìíràn tó lè jẹ́. Olùkọ́ dúdú tó ní ilé-ìwé tirẹ̀, sójà dúdú tó ń gba owó ìjọba, ìlú tí dúdú tẹ̀dó tí dúdú sì jẹ olórí ibẹ̀, wọn ò mọ orí pẹpẹ tí wọn ì bá gbé e sí. Ọ̀gá tó ní kí o gbé ìtàn rẹ lọ sí Lekki yẹn, ó ní àwọn ẹbí ní New York.

Ẹni tó wá bá a tà á ni Vivian Stephens, obìnrin dúdú, ọmọ Houston. Bí o bá máa kọ ìwé ìfẹ́, orúkọ yìí ni kí o kọ́kọ́ mọ̀. Olóòtú ni ní ilé-iṣẹ́ ìwé Dell. Ní 1980 ó gbé ìwé kan jáde tí Elsie Washington, akọ̀ròyìn, fi orúkọ Rosalind Welles kọ. Ìwé yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀: ilé-iṣẹ́ ńlá ló tẹ̀ ẹ́, dúdú ló kọ ọ́, dúdú sì ni olólùfẹ́ méjèèjì. Ọdún yẹn kan náà, Stephens wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ìfẹ́ Amẹ́ríkà sílẹ̀. Ó kúrò nídìí olóòtú lẹ́yìn náà, ó di ẹni tó ń bá òǹkọ̀wé ta ìwé. Ó gbé iṣẹ́ Jenkins lọ fún ilé-iṣẹ́ ìwé Avon, Avon gbà á, Night Song sì jáde ní 1994. Lọ́dún yẹn náà ni ilé-iṣẹ́ ìwé Kensington dá Arabesque sílẹ̀, ìwé ìfẹ́ àwọn dúdú nìkan ni wọ́n ń tẹ̀ lábẹ́ orúkọ yẹn. Ilẹ̀kùn tó ti wà ní títì wá ṣí díẹ̀.

Kí n sọ èyí tó máa ń bí mi nínú, kí n tó gbàgbé. Ẹgbẹ́ tí Stephens bá wọn dá sílẹ̀ yẹn ní àmì-ẹ̀yẹ kan, RITA, ọdọọdún ni wọ́n ń fún àwọn òǹkọ̀wé. Títí di 2019, òǹkọ̀wé dúdú kankan ò gbà á. Jenkins alára kò gbà á rí! Ẹ̀yẹ ìgbésí ayé, èyí tí wọ́n fi orúkọ Nora Roberts, òǹkọ̀wé ìfẹ́ mìíràn, pè, ni wọ́n fún un ní 2017, lẹ́yìn tó ti kọ ìwé fún ohun tó ju ogún ọdún lọ. Nígbà tí ojú tì wọ́n tán, wọ́n pa RITA rẹ́ ní 2020, wọ́n sì sọ ẹ̀yẹ tuntun ní Vivian, orúkọ Stephens. Ẹni ọ̀wọ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dà báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wo iye ọdún tó kọjá.

Jẹ́ ká padà sórí ìwé. Night Song, Kansas ló ti ṣẹlẹ̀. Ní 1879, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn dúdú di ẹrù wọn ní Mississippi, Louisiana, Tennessee, wọ́n forí lé Kansas. Ogun abẹ́lé ti parí láti 1865, wọ́n ti kọ òmìnira sínú ìwé òfin, àmọ́ àwọn tó kórìíra wọn ń dá ẹ̀mí wọn légbodò, wọn ò jẹ́ kí wọ́n dìbò, wọ́n ń fi gbèsè dè wọ́n mọ́ oko. Nicodemus, ìlú tí àwọn dúdú dá sílẹ̀ ní Kansas ní 1877, ṣì wà títí dòní. Inú irú ilẹ̀ yẹn ni Jenkins gbé olùkọ́ Cara Lee Henson sí, ó sì mú Chase Jefferson, sójà ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kẹwàá, wá bá a níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin kẹwàá yẹn wà lóòótọ́, dúdú ni gbogbo àwọn sójà rẹ̀.

Bí o bá ka ìwé rẹ̀ onítàn àtijọ́ dé òpin, tí o rò pé ó ti tán, ṣí ojú ewé kan sí i. Orúkọ àwọn ìwé ìtàn tó kà kó tó kọ ọ́ ló sábà máa ń tò síbẹ̀, kí ẹni tó bá wù lọ wá wọn kà. Nínú ìwé ìfẹ́! Ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo kọ́kọ́ rí i, mo dìde lórí àga, mo lọ mú bírò. Ó pẹ́ kí n tó rí ìkankan nínú wọn, ṣùgbọ́n nípasẹ̀ rẹ̀ ni mo fi mọ ohun tí mo mọ̀ nípa Kansas, èmi ọmọ Ìgbẹ̀hìn.

Má fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ibi tí obìnrin yẹn ti ń ṣiṣẹ́ ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń wá ọ̀rọ̀ rí. Ìwọ náà, ibi ìkòkò aró ni ìtàn rẹ wà, o fẹ́ lọ jókòó sínú yàrá máa ronú?

Kí n má sì purọ́ fún ẹ nítorí àwọn tó ń kà á: yàrá wà nínú ìwé rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í sì í tì tán. Bí ìyẹn bá le fún ẹ, Blessings tí Títí sọ yẹn kò ní irú ẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn ń kà á dáadáa.

Ọmọ Lísàbi

Mà, mo kí yín. Ìtàn yín dùn, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dá mi lóhùn. Mo bèèrè pé ta ló ráyè ìfẹ́ lóko ẹrú.

Ìyá Láíbìrì

Ọmọ Lísàbi, mo ti rí ìbéèrè rẹ, mo kọ́kọ́ lọ jẹun ni.

Òfin Amẹ́ríkà ìgbà yẹn ò ka ìgbéyàwó ẹrú sí. Ọ̀gá lè ta ọkọ láàárọ̀, kó sì fi ìyàwó sílẹ̀. Àwọn òjíṣẹ́ kan tó ń so wọ́n pọ̀ máa ń sọ pé títí ikú tàbí ọ̀nà jíjìn yóò fi yà wọ́n, torí wọ́n mọ̀ pé ọjà lè dé. Síbẹ̀ wọ́n ń fẹ́ra. Ní Virginia, òfin kan wà láti 1806 pé ẹrú tí wọ́n bá dá sílẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò ní ìpínlẹ̀ náà kí ọdún kan tó pé. Ìyàwó rẹ ńkọ́, tí ọ̀gá tirẹ̀ ò dá sílẹ̀? Àwọn kan kọ̀wé sí ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dúró. Ní 1856 wọ́n tún ṣe òfin mìíràn níbẹ̀ tó gba dúdú tó ti wà lómìnira láyè kó yan ọ̀gá, kó padà di ẹrú. Lára àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n má bàa yà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ọkọ, ìyàwó àti ọmọ ni.

Inú ìwé tó wà lọ́wọ́ Àṣàkẹ́ yẹn, bàbá Hester ṣe irú ẹ̀. Ẹni òmìnira ni, atukọ̀ ojú omi. Ó rí obìnrin kan tó jẹ́ ẹrú, kò rí i gbà sílẹ̀, ló bá ta ara rẹ̀ kó lè wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé ló wà, kò ba adùn kankan jẹ́ fún ẹnikẹ́ni. Jenkins kò kàn lá àlá rẹ̀.

Nígbà tí ogun parí, ẹ lọ wo ohun tí àwọn tó gba òmìnira ń fi owó wọn ṣe. Wọ́n ń san owó ìpolówó nínú ìwé ìròyìn. The Christian Recorder, tí AME, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àwọn dúdú Amẹ́ríkà, ń tẹ̀ ní Philadelphia, kún fún un: mò ń wá ìyàwó mi, orúkọ ọ̀gá wa nìyí, ìlú tí wọ́n tà á sí nìyí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ogun, wọ́n ṣì ń wá ara wọn. Mo ti rí díẹ̀ kà nínú wọn. Ìwọ ka mẹ́ta péré, kí o wá padà wá bi mí bóyá wọ́n ráyè.

Ṣé ó jìnnà sí wa ni? Àjàyí Crowther, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821. Abẹ́òkúta wa yìí ló ti padà rí ìyá rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1846. Ọdún 25! Ìyá àti ọmọ ni ti wọn. Mélòó ni ọkọ àti ìyàwó tó tún pàdé ní Sàpọ́n, tí ìkan ti fẹ́ ẹlòmíràn ní Freetown, tí wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé kankan?

Aláró Kẹ́mta

Ẹ̀yin aráabí, ẹ kú àríyànjiyàn. Ìyá Láíbìrì, mo dọ̀bálẹ̀ o. Níbi iṣẹ́ wa nìkan ni mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀, torí ẹ̀rù ń bà mí pé Àṣàkẹ́ á fi páànù kọ ìtàn 1859.

Àṣàkẹ́, àdìrẹ tí à ń fi páànù gé ní àwòrán, tí à ń fi ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ lé sára aṣọ, kò tíì sí lásìkò tí o ń kọ yẹn. Ayé àwọn ìyá ìyá wa ló dé, lẹ́yìn 1900, nígbà tí aṣọ funfun Òyìnbó pọ̀ lọ́jà tí ó sì pọ́ọ́kú. Kọ́sítíìkì, sódà tí à ń lò dípò omi eérú, náà kò sí, bẹ́ẹ̀ ni aró inú agolo. Ọmọbìnrin tìrẹ, ewé ẹlú ló máa gún, á ṣù ú, á sá a gbẹ. Á jó igi di eérú, á da eérú sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, á máa bu omi lé e kó lè máa kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi yẹn ló máa rẹ ẹlú sí, á dé e, á sì gba ọjọ́ mélòó kan kó tó jinná. Ó ń rùn. Kí ọkùnrin ẹ tó ń tẹ ìwé ìròyìn yẹn tó sún mọ́ ọn, ó gbọ́dọ̀ ti gbóòórùn rẹ̀ láti òkèèrè.

Tí o bá ti ri aṣọ bọ̀ ọ́ tí o fà á jáde, kì í kọ́kọ́ dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ní. Afẹ́fẹ́ ló ń sọ ọ́ di aró lójú ẹ. O ò kọ ìyẹn sínú orí tó o fi sórí WhatsApp, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, mo ti kà á. O kàn ní "ó pa aṣọ láró" o sì kọjá lọ.

Ìyá Láíbìrì

Ó ṣeun, Aláró. Ohun tí mò ń wí gan-an nìyẹn.

Àṣàkẹ́, wá ìwé Judith Byfield tó jáde ní 2002, The Bluest Hands. Ìtàn àwọn ìyá aláró Abẹ́òkúta ni, láti 1890 dé 1940. Inú rẹ̀ lo ti máa rí bí Aláké Adémọ́lá ṣe ní kí wọ́n má lo kọ́sítíìkì àti aró Òyìnbó mọ́ ní àwọn ọdún 1930, tí àwọn ìyá sì gbé ọ̀rọ̀ náà dìde, tí wọn ò gbà. Kì í ṣe àsìkò ìtàn tìrẹ, ṣùgbọ́n wàá mọ irú obìnrin tí ò ń kọ nípa rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tó jókòó máa retí ọkùnrin. Ó lówó lọ́wọ́, ó ní àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń dá gbèsè aṣọ, ó ń gba gbèsè. Bí àwọn obìnrin Jenkins ṣe rí gan-an nìyẹn: olùkọ́ ni, dókítà ni, ẹni tó ní ilé ìwé ìròyìn ni. Ọkùnrin máa ń dé bá wọn lẹ́nu iṣẹ́.

Àṣàkẹ́ Ìtòkú

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, mo kúnlẹ̀. Bọ̀dá Aláró, ẹ ti tú mi fó o, àmọ́ ẹ ṣeun. Tí mo bá délé lónìí màá lọ jókòó ti màmá àgbà, wọ́n ṣì rántí bí wọ́n ṣe ń kán eérú.

Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè méjì ló kù. Àkọ́kọ́: ṣé mo lè mú ọmọ Amẹ́ríkà kan wọ inú ìtàn mi, àbí irọ́ ló máa jẹ́? Mo fẹ́ kí ẹnì kan láti ibi tí Hester wà mú ìròyìn wá. Ìkejì: ọkùnrin Sàró yẹn, mo fẹ́ kó ti ní ìyàwó kan rí ní Freetown. Ṣé kí ìyàwó náà ti kú, kó jẹ́ opó ọkùnrin, kí ọ̀nà lè là fún aláró mi?

Ìyá Láíbìrì

Kì í ṣe irọ́. Ọdún tí o mú gan-an ni wọ́n dé. Martin Delany, dókítà dúdú ará Amẹ́ríkà, wá sí Abẹ́òkúta níbí ní 1859. Robert Campbell, tí wọ́n jọ ń ṣe iṣẹ́ náà, ti ṣáájú rẹ̀ dé. Jamaica ni wọ́n ti bí i, Philadelphia ló ti ń ṣe olùkọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n wá tọrọ, kí àwọn dúdú tó bá fẹ́ kúrò ní Amẹ́ríkà lè wá máa gbé láàárín àwọn Ẹ̀gbá, kí wọ́n máa gbin òwú. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá ọdún 1859, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn pẹ̀lú Aláké Òkúkẹ́nù àti àwọn ìjòyè. Àdéhùn náà kò dúró. Àwọn kan nínú ìjòyè sẹ́ ẹ nígbà tó yá, ogun Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ ní 1861, Delany lọ di sójà. Campbell padà wá sí Èkó, ó dá ìwé ìròyìn tirẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ibi tó máa dùn mọ́ ẹ nínú rèé. Kí Delany tó wá, Chatham ló ń gbé, ní Kánádà, òdìkejì odò sí Detroit ni apá ibẹ̀ wà. Odò yẹn ni àwọn tí Hester ń fi pamọ́ máa ń sọdá kí ọwọ́ má tẹ̀ wọ́n mọ́. Àti pé lọ́dún 1859 yẹn, ìtàn àròsọ tí òun náà ń kọ ń jáde ní apá-apá nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ní New York, bí ìwọ náà ṣe ń ṣe lórí WhatsApp. Ìwé Ìròyìn sì bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta lọ́dún yẹn kan náà. Ẹni tó ń tẹ̀wé bíi ti ọkùnrin rẹ, ṣé ó máa gbọ́ pé irú àlejò bẹ́ẹ̀ wọ̀lú kó má lọ wò wọ́n?

Ìwé tí Campbell kọ nígbà tó padà, tó jáde ní 1861, wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kà á. Ó sọ bí ìlú ṣe rí, ohun tí wọ́n ń jẹ, ohun tí wọ́n ń tà.

Nípa ti ìyàwó Freetown: má pa á. Ó rọrùn jù. Jẹ́ kó wà láàyè, kí ọkọ̀ ojú omi gbé e dé Èkó ní orí kẹwàá, kí ó sì jẹ́ ọmọlúwàbí. Fi orí kìíní tí o tún kọ ránṣẹ́ sí mi kí Sátidé tó dé. Kọ lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ojú mi ò gba èyí tó kéré mọ́.